Bí Èéfín Ṣe Jáde Kúrò ní Àgọ́ Ayangàárí

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tí kì í ṣe òótọ́. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ojúgbà mi tí mo ti sọ ìtàn náà fún fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ń bù mọ́ ọn ni, pé obìnrin tí kò ka ìwé, tí kò di ipò kankan mú, kò lè yí ọkàn ọkùnrin márùn-ún padà láìgbé ohùn sókè. Ó ṣojú mi kòrókòró. Mo wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ṣe àṣìṣe tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mí, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo parí ilé-ìwé girama, tí mo ń dúró de èsì ìdánwò tí yóò gbé mi wọ yunifásítì, mo lọ bá ìyá mi níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo gba agbada tèmi, mo sì di ayangàárí. Àgọ́ wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Òpó igi àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ kọjú sí títì, agbada mẹ́sàn-án sì tò sínú rẹ̀ lórí ààrò amọ̀.

Ẹni tí ó ń ra gàárí nínú kóńgò lè máà mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. A ó bẹ ẹ̀gẹ́ náà, a ó fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ yóò rin ín di kíkúnná, a ó dì í sínú àpò, a ó sì fi jáàkì ọkọ̀ fún omi rẹ̀ dànù. Nígbà tí ó bá gbẹ dáadáa, a ó sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni yóò tó dé orí agbada. Ẹni tí ó ń yan kì í kúrò nídìí rẹ̀. Àkúfọ́ igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa fi rò ó, yóò máa fi tẹ̀ ẹ́, yóò máa fi dà á láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nítorí pé bí ó bá gbé ojú kúrò fún ìgbà díẹ̀, ó ti jó nìyẹn. Iná wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnu ààrò sì wà níwájú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Gbogbo èéfín ààrò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò gòkè lọ bá páànù, kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò sì padà wá bá wa.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, mi ò lè jókòó tó ìdajì wákàtí. Mo dìde, mo sáré jáde, mo ń fi etí ìró nu ojú. Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “ṣé ìwé ni èéfín ń kà sí ọ létí ni?”

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Akọ̀wé. Wọ́n rò pé mo ń sá fún iṣẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, mo ti bá ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ojú rẹ̀ ọ̀tún tí ó pọ́n, tí ó ń ṣomi, tí kò fi rí nǹkan kedere mọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀.

“Mọ́mì, bí ẹ bá ń jókòó sínú èéfín yìí lọ, a ò ní rí ohunkóhun ṣe sí ojú yìí mọ́.”

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé òde, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe?” Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá fẹ́ kí ìyá mi máa ríran, èéfín náà ni ó ní láti kúrò, nítorí pé ìyá mi kò lè kúrò.

Mo mọ ohun tí a lè ṣe. Mo ti rí i rí ní abúlé àwọn ẹbí bàbá mi: wọ́n mọ ògiri sí ẹ̀yìn àgọ́, wọ́n gbé ẹnu ààrò sí òdìkejì ògiri náà, agbada sì wà nínú. Ẹni tí ó ń kiná bọ ààrò wà lóde, èéfín ń bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, ẹni tí ó ń yan sì jókòó sínú atẹ́gùn tútù. Kò gba ju amọ̀ àti ọwọ́ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àgọ́ wa ni ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbà wọlé láti já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún Bàbá Kọ́lá, ọkùnrin tí ó ni ẹ̀rọ ìrin. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ri igi kan mọ́lẹ̀ ní ibùdó tí àgọ́ àti ẹ̀rọ náà wà láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ọkùnrin márùn-ún ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Alága wọn jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Kọ́lá sì ni igbákejì rẹ̀. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa obìnrin ni a ń yan gbogbo gàárí tí ó ń jáde níbẹ̀.

Mo gbà pé lẹ́tà ni yóò ṣe é. Wọ́n ti kọ́ wa ní àròkọ ní ilé-ìwé: ìfáàrà, kókó ọ̀rọ̀, àgbálọgbábọ̀. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí lẹ́tà náà. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo to orúkọ àwọn obìnrin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí kí wọ́n lè tẹ̀ka. Mo fẹ́ kí ó dà bí ìwé gidi, nítorí náà n kò kọ Ìyá Lágbájá tàbí Ìyá Tàmẹ̀dù. Orúkọ àbísọ oníkálukú ni mo wádìí, mo sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to orúkọ nínú ìwé kíláàsì wa, láti A títí dé W.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a tó dáná, mo kà á sí wọn létí. Nígbà tí mo ka kókó ọ̀rọ̀, wọ́n mi orí. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, wọn ò mi orí mọ́. Obìnrin tí ó dàgbà jù lọ láàrin wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé orí sókè.

“Ta ni ń jẹ́ Wúràọlá?”

“Ẹ̀yin ni, Mà.”

“Èmi ni. Ó dáa. Ibo ni o kọ mí sí?”

Mo ní ìsàlẹ̀ ni.

“Lẹ́yìn Àbẹ̀kẹ́, tí wọ́n gbé níyàwó wá bá wa ní Iléyá tó kọjá?”

“Bí ábídí ṣe tò ó ni, Mà. A ni ó máa ń ṣáájú.”

“A wo?” ni Ìyá Àgbà béèrè. “Ọmọ ta ni A? Ọdún mélòó ni òun ti ń yan gàárí?”

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rín náà mì. Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni pé òun ni ó lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè. Ìyá Àgbà yí agbada rẹ̀ sí ipò, ó ní òun kò ní ìka tí òun yóò tẹ̀ sórí ìwé tí ọmọ tí òun lè bí ní ọmọ ti ń pe orúkọ òun gbàgàdà bí orúkọ ọ̀daràn ní kóòtù. Nígbà tí òun kò ti tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ sí mi títí di ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Àgbà lójú mi, èyí sì dùn mí ju bí ì bá ti gbá mi létí lọ.

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí kunkun ń ṣe mí. Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Alága ní ilé rẹ̀ láìsí ìtẹ̀ka kankan lórí rẹ̀. Ó wọ awò rẹ̀, ó kà á tán, ó fi gègé ṣe àtúnṣe sí ibi méjì.

“Èdè rẹ dára gan-an ni. Ta ni ó rán ọ?”

“Àwọn ayangàárí ni, Sà.”

“N kò rí ọwọ́ wọn níbẹ̀.” Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi. “Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Kọ́lá kò ní gbà kí wọ́n mọ ògiri dí ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.”

Ibi tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ parí sí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìyá Ràlíátù, tí ó ń yan ní ààrò kẹfà. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì jinlẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó dàgbà jù, kì í ṣe olóyè, kì í ṣe ìyálọ́jà. Síbẹ̀, mo ti ṣàkíyèsí pé bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́, ojú rẹ̀ ni tọ̀tún-tòsì máa ń wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí a ti ń sẹ́ ẹ̀gẹ́.

“Akọ̀wé, o mọ ìwé kọ. Ṣé o mọ̀ ọ́n rìn?”

“Rìn báwo, Mà?”

“Ọ̀rọ̀ tí o gbé dání yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tí o bá ti fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ tán, èyí tí o fi gègé kọ á wá wúlò. Wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú.”

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ràlíátù mú mi lọ sí ilé Ìyá Àgbà ní Ìlódè. Lójú ọ̀nà, mo béèrè bóyá kí n fi ọ̀rọ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀.

“Bí o bá dárúkọ ògiri níbẹ̀, èmi àti ìwọ la ó jọ jà,” ni ó wí. “O ṣẹ̀ ẹ́, à ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ó tán.”

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé mo fi àìmọ̀kan to orúkọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó forí jì mí. Ìyá Àgbà jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní kí n dìde. Ó béèrè ojú ìyá mi. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ó na ọwọ́, ó sì ń fọwọ́ tá ilẹ̀ wá ife omi tí ó wà ní iwájú rẹ̀ gan-an. Ìyá Ràlíátù ni ó gbé e sí i lọ́wọ́.

“Tèmi ti lọ ní tèmi,” ni Ìyá Àgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Òjìji ni mo fi ń mọ̀ yín. Ìró gàárí ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti jinná. Tó bá ṣì tutù, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo. Tó bá ti gbẹ, á máa dún ṣàràṣàrà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé.”

Gbogbo ọjọ́ tí mo ti jókòó ti obìnrin yìí, gàárí rẹ̀ ni ó funfun jù lọ nínú àgọ́, kò sì sí ẹni tí ó rí i kí ó jó rí. Etí ni ó fi ń yan án! Nígbà tí a jáde, mo wo ojú Ìyá Ràlíátù, mo sì rí i pé kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, ó sì ti pa á mọ́. Mo wá mọ ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ tirẹ̀.

Láti ilé Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ kàn Bàbá Kọ́lá. Mo rò pé a ó lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá Ràlíátù kò bẹ̀ ẹ́ rárá. Ó dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ ń sinmi, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́, kú ooru, kú ìnáwó ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sún mọ́ ọ̀rọ̀.

“Bàbá Kọ́lá, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà o. Ẹ̀yin lẹ mọ ibùdó yìí ju gbogbo wa lọ.”

“Ìyá Ràlí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀,” ni ó wí, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ̀yin kọ́ àgọ́ yẹn lónìí, tí ẹ ò sì fẹ́ kí èéfín máa pa àwọn èèyàn, ibo lẹ máa gbé ẹnu ààrò sí?”

“Ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ni gbogbo ọlọ́gbọ́n ń gbé e sí.”

“Ẹ̀yìn kẹ̀? Ọkọ̀ yín ńkọ́? Áà, rárá o. Ìyẹn ò ṣeé ṣe.”

Ó dìde bí ẹni tí ó fẹ́ máa lọ. Bàbá Kọ́lá mú ọ̀pá irin kan, ó fi ya ilẹ̀: àgọ́ rèé, ẹ̀rọ rèé, títì rèé. “Kí ló dé tí kò ṣeé ṣe? Ẹ wò ó. Ẹ jókòó. Tí wọ́n bá ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, ọkọ̀ á gba ọwọ́ òsì wọlé, á sì tún sún mọ́ ẹ̀rọ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Lóòótọ́?”

“Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kì í lè wo ilẹ̀.”

Ìyá Ràlíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ojú fi ń tì mí. Bí a ti ń padà, mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ lè gba ọwọ́ òsì?”

“Ọdún mélòó kan ni mo ti ń gba ibẹ̀ lọ tọ̀,” ni ó wí. “Ọmọ mi, tí mo bá fún un ní ọ̀nà yẹn, á wá ibi tó ti wọ́. Òun ló fúnra ẹ̀ là á. Ta ló máa ń sọ pé ọ̀nà tóun là wọ́?”

Ti Alága tilẹ̀ rọrùn jù. Ó máa ń wá yẹ ibùdó wò ní ọjọ́rú, yóò dúró sí ẹnu àgọ́, yóò jùwọ́ sí wa, yóò sì máa lọ. Ní ọjọ́rú yẹn, Ìyá Ràlíátù sáré jáde lọ pàdé rẹ̀.

“Alága, ẹ ò ní dúró síta bí àlejò. Gàárí ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni, ẹ wá tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sọ fún wa bóyá ó ti yàn dáadáa.”

Ta ni yóò kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀? Wọ́n gbé àpótí fún un ní àárín àgọ́, láàrin ààrò karùn-ún àti ìkẹfà, níbi tí èéfín ti ń pàdé. Wọ́n bu gàárí gbígbóná fún un, wọ́n fi ẹ̀pà sí i. Kò sí ẹni tí ó ráhùn, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ èéfín. Ìyá Ràlíátù ń bi í léèrè nípa àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ọmọ púpọ̀. Nígbà tí yóò fi dé orí ọmọ kẹta, Alága ti bọ́ awò rẹ̀, ó ti nù ún, ó ti tún un wọ̀. Omi ń ṣàn ní ojú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí láàrin ikọ́, “ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?”

“Ó sàn lónìí, Sà,” ni Ìyá Àgbà dáhùn láti ìdí agbada rẹ̀. “Atẹ́gùn wà lónìí.”

Alága fi etí aṣọ nu ojú. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́ta sí ọkùnrin yìí pẹ̀lú ìfáàrà àti àgbálọgbábọ̀, kò mì í. Àpótí kan àti àwo gàárí ni ó mì í. Mo wo Ìyá Ràlíátù bí ó ti ń fi ìrọ̀rùn yí gàárí rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí díẹ̀.

Ìpàdé wáyé ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà ní ibùdó. Àwọn ọkùnrin márùn-ún jókòó sórí àga, àwa sì jókòó sórí àpótí. Alága ní kí n máa ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé níwọ̀n bí mo ti mọ ìwé kọ. Ó yé mi lẹ́yìn náà ẹni tí ó fi í sí i lọ́kàn. Alága bẹ̀rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ èéfín ti ń jẹ òun lọ́kàn. Ó pẹ́! Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni! Bàbá Kọ́lá dìde, ó ní òun ti fi ara balẹ̀ ronú, òun sì ti rí i pé ògiri ni a nílò ní ẹ̀yìn àgọ́, àti pé òun ti wá ọ̀nà mìíràn fún ọkọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo. Ìyá Ràlíátù gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

“Kọ ọ́,” ni ó wí lábẹ́ ohùn. “Kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Kọ ọ́ pé òun ló dá a lábàá.”

“Ṣùgbọ́n Ìyá...”

“Ṣé ògiri lò ń wá ni, àbí ìyìn?”

Mo kọ ọ́. Bí a ti ń to orúkọ àwọn tí ó wà ní ìpàdé, mo to tàwọn obìnrin bí ọdún wọn ṣe ju ara wọn lọ nídìí agbada: Ìyá Àgbà ni ó ṣáájú, èmi ni mo kẹ́yìn.

Àṣé ọgbọ́n mìíràn wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Nígbà tí a ti ń ru amọ̀, tí ògiri ti dé orúnkún, àwọn awakọ̀ lọ bá Bàbá Kọ́lá, wọ́n ní ọ̀nà tuntun náà há jù. Ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó wá sọ́dọ̀ wa, ó ní kí a dáwọ́ dúró ná. Ìyá mi jókòó sórí òkìtì amọ̀.

Ìyá Ràlíátù nìkan ni kò yí ojú padà. “A ti gbọ́, Bàbá Kọ́lá. Akọ̀wé, gbé ìwé ìpàdé wá. Ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ kí gbogbo wa gbọ́, ká lè mọ ibi tá a ti ṣì yín gbọ́.”

Mo ka ìwé náà sókè lójú àwọn awakọ̀ àti gbogbo obìnrin. Mo ka orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, mo ka bí ó ti fi ara balẹ̀ ronú, mo ka bí ó ti wá ọ̀nà mìíràn fún ọkọ̀, mo sì ka àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un. Bàbá Kọ́lá wú ikọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri. Ó kọjú sí àwọn awakọ̀ rẹ̀.

“Kí lẹ ní há níbẹ̀? Ẹ lọ mú àdá, kẹ́ ẹ ṣán an kó fẹ̀ sí i! Ṣé ọkọ̀ òfuurufú lẹ̀ ń wà ni?”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi mọ ògiri náà. Gbogbo wa ni a ru amọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ni ó ru púpọ̀ jù. Nígbà tí ó gbẹ, a gbé agbada sórí ààrò tuntun, àwọn méjì lọ sí ẹ̀yìn láti kiná. Mo jókòó ti ìyá mi. Mo ń retí èéfín bí ẹni tí ń retí kí wọ́n gbá a létí, kò sì dé. Mo rí ojú gbogbo ènìyàn kedere láti ìpẹ̀kun àgọ́ kan dé èkejì, mo sì rí i pé Ìyá Ràlíátù ní àpá kékeré kan ní ìpéǹpéjú tí n kò rí rí.

Ìyá Àgbà fi imú gbóòórùn. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò tíì dáná ni?”

“Wọ́n ti dáná, Mà,” ni ìyá mi dáhùn. “Iná ti ń jó tipẹ́.”

Ìyá Àgbà na àtẹ́lẹwọ́ sórí agbada, ó gbọ́ ìgbóná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ariwo, tí ó ń mì í ní èjìká.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì náà yẹ ojú ìyá mi wò, ó ní kò burú sí i mọ́. Kò ṣèlérí ju ìyẹn lọ, àwa náà kò sì béèrè ju ìyẹn lọ.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, Alága kéde pé ìgbìmọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan láti fi àga kẹfà kún àga wọn fún ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ àwọn ayangàárí. Ó ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní kí a mú orúkọ wá ní ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀. Gbogbo obìnrin yí ojú sí apá ibì kan ṣoṣo. Ìyá Ràlíátù tẹ orí ba, ó ń ṣa pàǹtí kúrò nínú asẹ́ tí ó mú dání. Nígbà tí mo wí fún un pé ó yẹ ẹ́, ó gbé asẹ́ náà sílẹ̀.

“Wọ́n á fún mi ní àga,” ni ó wí, “wọ́n á sì máa ṣọ́ ẹnu mi.”

Ìwé ìpàdé wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Mo ti fi ìlà kan sílẹ̀ fún orúkọ ẹni náà. Mo ti bi ìyá mi, mo ti bi Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n n kò lè bi Alága, nítorí pé òun gan-an ni ìbéèrè náà kàn. Ohun tí mo bi wọ́n nìyí. Bí Ìyá Ràlíátù bá dìde lórí àpótí, tí ó lọ jókòó sórí àga láàrin àwọn ọkùnrin márùn-ún yẹn, tí gbogbo wọn wá mọ̀ nígbà tí ó bá ń darí wọn, ṣé wọn yóò ṣì máa lọ síbi tí ó ń darí wọn sí?